Ẹni Tó Ń Súfèé Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Mo dojú rédíò náà bolẹ̀ lórí aṣọ ìnura tí mo máa ń tẹ́ sórí tábìlì, mo tú nọ́ọ̀tì mẹ́fà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń tò wọ́n sínú ìdérí ìgò bí mo ṣe ń tú wọn, kí èyí tó gùn má baà lọ wọ ihò èyí tó kúrú. Obìnrin tó gbé e wá dúró níwájú kántà, ó ń wò mí bí ìgbà tí dókítà bá ń tẹ ikùn ọmọ rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe é?" mo bi í.

"Ó ń kọrin bí ẹni tí oorun ń kùn. Bó bá ti ṣe díẹ̀, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀."

"Bẹ́líìtì ni."

"Ẹ ò tíì wo inú rẹ̀."

"Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo ṣí i, bẹ́líìtì ni lóòótọ́. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú irú rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, òun ló so mọ́tò kékeré pọ̀ mọ́ àgbá tó ń fa téèpù. Bí rọ́bà náà bá dẹ̀, mọ́tò á máa sáré, àgbá á máa rọra rìn, orin á sì falẹ̀. Mo wá òmíràn tó bá a mu, mo fi sí i, mo wá nawọ́ mú kásẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń dán gbogbo rédíò wò. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń lo kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yẹn. Bí ẹ bá ní kí n sọ orin tó wà nínú rẹ̀, mi ò lè sọ ọ́. Ìlù ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ bóyá sípíkà ń gbọ̀n. Ohùn obìnrin tó wà níbẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ bóyá orí tó ń ka téèpù ti dọ̀tí.

Bẹ́ẹ̀, orin ló sọ mí di oníṣẹ́ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí rédíò ilé wa kú láàárín orin kan tí mo fẹ́ràn, mo sì tú u nítorí mo fẹ́ gbọ́ ìyókù. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń mọ iṣẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni orin ń kúrò létí mi, títí ó fi ku àbùkù nìkan tí mò ń gbọ́. Alásè tó ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò láti àárọ̀, ebi kì í pa á.

"Ẹ má fi tiyín dán an wò," obìnrin náà ní. "Tèmi rèé."

Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ti fi bírò kọ nǹkan sí lára nígbà kan rí, tó ti parẹ́. Orin inú fíìmù ni, ó ní, fíìmù àtijọ́ kan nípa awakọ̀ ojú irin tó ń wá ìyàwó rẹ̀ láti ibùdókọ̀ kan dé òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń kọrin níbẹ̀. Fayólínì ni, àti fèrè, àti dùùrù.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó di ojú. Nígbà tó ṣe, lójijì, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé lórí orin náà. Kì í ṣe ara orin. Ẹni tó wà nínú yàrá tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀ ni. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì la ojú.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹni tó ń súfèé ni. Kò sí irú rẹ̀ mọ́."

Nígbà tó lajú, omi ti lé sójú rẹ̀. Mi ò tíì mọ orúkọ rẹ̀, mi ò tíì mọ ilé rẹ̀, mo ti ń jowú.

*

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gíláàsì ojú ló ti ń ṣiṣẹ́, ní òpópónà kejì sí tèmi, Onígíláàsì sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Èmi, Wáyà ni wọ́n ń pè mí. Láàárín oṣù kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ yẹ ojú mi wò, ojú tí nǹkan kan ò ṣe. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Wáyà, láti ẹnu ọ̀nà lẹ ti ń ka lẹ́tà tó kéré jù lọ. Ṣé ojú ló gbé yín wá ni, àbí ẹsẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ ni," mo ní.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wa. Ní Sátidé, bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, á wá jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, a ó sì jọ máa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà. Tàbí kí n kúkú sọ pé òun ló ń gbọ́.

"Gbọ́ ibí yìí," á ní. "Ṣé o gbọ́ bí fayólínì yẹn ṣe wọlé, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn?"

"Sípíkà ọ̀tún ti rẹlẹ̀ díẹ̀."

"Wáyà!"

"Nǹkan kan tún ń ṣe kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń ṣiṣẹ́ nítòsí nígbà tí wọ́n ń gbà á sílẹ̀."

Á wò mí, á mi orí. Ìgbà márùn-ún ni ọkùnrin yẹn súfèé nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, mo sì mọ ibi kọ̀ọ̀kan bí ẹní mọ eyín tó ń dun òun. Bó bá ti kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, èmi á ti máa wo Onígíláàsì: ìka rẹ̀ á dúró, èjìká rẹ̀ á rọ̀. Èmi tí mo jókòó tì í, tí mo lẹ́ran lára, tí mo bó ọsàn fún un, kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Sọ fún mi. Ta ni?"

"Owú ń jẹ ọ́ ni?"

"Owú kẹ̀? Èmi?"

"Òjòwú ò lẹ́ran láyà o. Wo bí àyà rẹ ṣe rí." Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́jọ́ kan, màá sọ fún ọ. Ẹni tó ni ín ò fẹ́ ká máa sọ ọ́ ni."

Ẹni tó ni ín. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé bí ẹni gbé ẹrù ẹlẹ́rù.

Ọkùnrin kan wà tó ń ya fótò, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ti Onígíláàsì. Ògiri pákó ló dá wọn láàárín. Fótò ni wọ́n ń pè é. Ó ga, irùngbọ̀n rẹ̀ gún régé, ó sì máa ń súfèé láti àárọ̀ títí tó fi máa tilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan, mo bá a nídìí kántà Onígíláàsì, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Kò sí," Fótò ní.

Mo mọ irú "kò sí" yẹn. Kò sí tó máa ń wà ni.

*

"Bó o bá fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ," Àǹtí mi ní. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, olùkọ́ ni, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹni tó ń ṣọ́ obìnrin láti ẹ̀yìn fèrèsé, ọlọ́pàá ni, kì í ṣe ọkọ."

Òun ló ṣe alárinà. Ó lọ rí bàbá Onígíláàsì, ó sì padà wá jíṣẹ́. "Ó ní kó o wá fúnra rẹ. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé sinimá, òun ló ń yí fíìmù fún wọn. Rọpárọsẹ̀ mú un lọ́dún méjì sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan. Kì í fẹ́ kí wọ́n wo ẹnu òun. Ṣé o gbọ́? Má wo ẹnu rẹ̀."

Mo lọ, mi ò wo ẹnu rẹ̀. Bàtà rẹ̀ ni mò ń wò. Onígíláàsì dúró lẹ́yìn àga bàbá rẹ̀.

"Wáyà," bàbá náà ní. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń jáde. "Orin wo lo fẹ́ràn?"

"Èyí tí kò bá hó, sà."

Onígíláàsì di ojú.

"Ọmọ mi ní ẹ jọ máa ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì fíìmù yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lo gbọ́ níbẹ̀?"

Mo rò pé iṣẹ́ ló fi ń dán mi wò. Ara mi yá gágá. "Ẹ̀rọ kan ń ṣe kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀, sà, ìyẹn ṣeé dín kù. Ẹnìkan tún wà tó ń fi súfèé da orin rú. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè bá yín yọ ọ́ kúrò, kó mọ́ tónítóní."

Bàbá gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì dá, ó fi bo ẹnu. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Àǹtí mi ló bá sọ ọ́.

"Àbúrò yín mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di òṣùwọ̀n. Mi ò lè fi ọmọ mi fún òṣùwọ̀n."

A ti dé ìta kí Àǹtí mi tó yanu. "Mo ní kó o má wo ẹnu rẹ̀. Mi ò ní kó o wá fi tìẹ ba nǹkan jẹ́."

"Kí ni mo sọ?"

"Èmi náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n o sọ ọ́."

Èmi mọ̀, tàbí mo rò pé mo mọ̀. Ìgbà tí mo ní màá yọ súfèé náà kúrò ni ojú bàbá yí padà. Ẹni tó ń súfèé ni wọ́n fẹ́ nílé yẹn. Ta sì ni mo mọ̀ tó ń súfèé? Mo ro ó síwá, mo ro ó sẹ́yìn, Fótò ló ń já sí.

*

Onígíláàsì ò tìtorí ìyẹn yẹra fún mi. "Fún bàbá mi láyè," ló ń sọ. "Á rọ̀." Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó sáré wọlé, ó di kásẹ́ẹ̀tì náà mọ́wọ́, téèpù tú jáde lára rẹ̀ bí ìfun adìẹ. Rédíò ṣọ́ọ̀bù wọn ló jẹ ẹ́.

"Jọ̀ọ́, ṣé o lè tún un ṣe?"

"Kí ni mi ò lè tún ṣe?"

Ó padà síbi iṣẹ́. Mo tẹ́ téèpù náà sórí gíláàsì, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí nà án títí ó fi tẹ́jú. Ibì kan ṣoṣo ló já. Mo fi abẹ fẹ́lẹ́ gé etí rẹ̀ kó gún, mo so ó, mo dá a padà sínú ilé rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ láti dán an wò. Ìgbà yẹn gan-an ni Fótò kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kámẹ́rà lọ́rùn, ó ń súfèé. Orin fíìmù náà ni. Ibi kẹta, bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

Abẹ fẹ́lẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Téèpù kásẹ́ẹ̀tì kì í sáré. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwọ̀n ìbú ìka mẹ́ta ló ń kọjá níwájú orí tó ń kà á. Ẹni tó bá súfèé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, gbogbo gígùn rẹ̀ ò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ọ̀tá tó ti ń gba oorun lójú mi láti oṣù márùn-ún, ìgbọ̀nwọ́ kan péré ni, lọ́nà márùn-ún. Mo gé márààrún. Mo fi sẹ́lótéèpù tín-ínrín so ìyókù pọ̀ débi pé ẹni tí kò mọ orin náà kò lè mọ̀. Mo ju ègé márùn-ún náà sínú agolo mílíìkì tí mo máa ń kó àwókù téèpù sí, nítorí mi kì í da nǹkan nù. Kí n má parọ́, inú mi dùn sí bí iṣẹ́ náà ṣe mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó dé, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó di ojú, ó tẹ̀ ẹ́. Ibi kìíní kọjá. Ó lajú. Ibi kejì kọjá. Ó pa á.

"Níbo ló wà?"

"Kí ni?"

"Wáyà, níbo ló wà?"

"Ibẹ̀ ló bàjẹ́. Mo yọ ọ́."

Ó fi ìka yí téèpù náà síwájú, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún yí i, títí tó fi dé òpin. "Ibi márààrún ló bàjẹ́?"

Irọ́ mi ò rí ibi fẹsẹ̀ lé mọ́. "Bó o bá fẹ́ gbọ́ súfèé, Fótò ṣáà wà níbẹ̀. Kó wá sú u fún ọ lójúkojú."

"Fótò?" Ó wò mí bí ẹni tó ń wá lẹ́tà tí kò hàn. "Fótò tó ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn pákó lójoojúmọ́, tí mo ń bẹ̀ pé kó yéé ṣì í sú? Bàbá mi ni, Wáyà. Bàbá mi ló ń súfèé."

Mo wo agolo mílíìkì náà.

"Yàrá tó ti ń yí fíìmù ló ti gbà á sílẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán nínú fíìmù tí orin bá dé, á tẹ kásẹ́ẹ̀tì, á sì máa bá a súfèé. Láti ìgbà tí ẹnu rẹ̀ ti wọ́, atẹ́gùn lásán ló ń jáde. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ẹnu lòun ń ṣọ̀fọ̀. Ibi kan ṣoṣo tí ẹnu bàbá mi ti ṣì gún, inú kásẹ́ẹ̀tì yìí ni." Ó dìde, ó mú báàgì rẹ̀. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ lórí tábìlì. "Ẹ ṣeun, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó ti tó bí oṣù mẹ́rin tó ti pè mí ní "ẹ" kẹ́yìn. Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo da agolo náà sórí tábìlì. Ègé téèpù tó wà níbẹ̀ lé ní ọgọ́ta, ti gbogbo ará àdúgbò, gbogbo wọn sì ní àwọ̀ kan náà. Mo kọ́kọ́ fi ìgbọ̀nwọ́ wọ̀n wọ́n. Èyí tó kúrú jù, mo yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wá ń so ìyókù sínú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo níkọ̀ọ̀kan, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan jẹ́ ìwàásù, òmíràn ìpolówó ọṣẹ, òmíràn ọmọ tó ń ka A, B, D. Èyí tí kò bá dún rárá, màá yí i padà kí n tún un gbọ́, nítorí ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì Onígíláàsì ṣófo. Bí mo bá so ègé rẹ̀ lódìkejì, ìdákẹ́jẹ́ ni màá gbọ́. Kí oòrùn tó kanrí, mo ti rí márààrún.

Ṣùgbọ́n èwo ló lọ síbo? Orin kan náà ló ń padà wá nígbà márààrún. Mítà ò lè sọ ọ́ fún mi. Kò sí ohun tó kù tí mo lè ṣe ju kí n gbọ́ orin náà lọ.

Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀. Mi ò mú nǹkan kan dání. Mo di ojú.

Ìgbà àkọ́kọ́, fayólínì nìkan ló gbé orin náà. Ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ni. Nígbà kejì, fèrè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà kẹta, dùùrù béèrè nǹkan, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà kẹrin, ó rẹ orin náà, ó ń wọ́sẹ̀. Nígbà karùn-ún, gbogbo wọn dé papọ̀, mo sì mọ̀, bí ẹni pé mo wà níbẹ̀, pé ọkùnrin náà ti rí ìyàwó rẹ̀.

Mo wá gbọ́ àwọn ègé náà níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń súfèé kì í tẹ̀ lé orin. Ó máa ń ṣáájú rẹ̀. Kí fayólínì tó yà, ó ti yà. Ó ti gbọ́ ọ títí ó fi di tirẹ̀. Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ tí mo ń pè ní àbùkù ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń yí fíìmù ni. Odindi oṣù márùn-ún ló fi ń sọ ibi tí ọkùnrin náà dúró sí fún mi, etí mi sì ń gbọ́ ọ, èmi ò gbọ́.

Mo so wọ́n padà. Ibi tí rédíò ti jẹ téèpù, ohùn rì díẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó dé ibi karùn-ún, mo bá ara mi tí mò ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ìyókù orin rẹ̀. Owú tún mú mi, ó tiẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo ọdún tí mo fi ń gbọ́ àbùkù, báyìí ni bàbá yẹn ṣe ń gbọ́ orin.

*

Nígbà tí èmi àti Àǹtí mi padà dé ilé bàbá náà, Onígíláàsì ló ṣílẹ̀kùn. "Ẹ káàbọ̀," ó ní, ó sì yà fún wa. Àǹtí mi jókòó, èmi dúró.

"Mo gé súfèé yín kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì, sà," mo sọ fún bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò lọ́tẹ̀ yìí, àti ẹnu rẹ̀. "Owú ló mú mi ṣe é. Mo ti dá a padà."

"Ta lò ń jowú?"

"Ẹ̀yin, sà."

Ohùn kan jáde lọ́fun rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni. Ó nawọ́ sí rédíò. Mo tẹ̀ ẹ́. A gbọ́ ọ títí ó fi tán.

"Kí lo gbọ́?"

"Ẹ ti mọ orin náà kó tó dé, sà. Nígbà kejì, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí fèrè kọjá, ẹ wá tẹ̀ lé e bí ẹni sin àlejò jáde. Nígbà kẹta, dùùrù béèrè, ẹ̀yin lẹ dá a lóhùn."

"Ibi kẹrin ńkọ́?"

"Ẹ ò sú u tán. Ẹ dá a dúró láàárín, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ náà sì di méjì. Mo rò pé fíìmù ti ń tán lórí ẹ̀rọ kan, ẹ sì sáré lọ tan èkejì."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó tún yíjú sí mi. "Láti ọjọ́ yìí wá," ó ní, "kò sẹ́ni tó gbọ́ ìyẹn rí." Ó gbé ètè rẹ̀ jọ láti sú ìyókù ibi kẹrin náà. Atẹ́gùn ló jáde. Mi ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì, mo gbà á lẹ́nu rẹ̀, mo sú u dópin.

"O ṣì í," ó ní.

"Ẹ kọ́ mi, sà."

Ó kọjú sí Àǹtí mi. "Ẹ wá ní Sátidé, ká mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Òun ní tiẹ̀, kó máa bọ̀ níbí lójoojúmọ́ títí dìgbà náà. Mi ò lè fi ọmọ mi fún ẹni tó ń ṣi súfèé sú."

Onígíláàsì tẹ̀ síwájú, ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó wo àwọn ojú ibi tí mo ti so ó lábẹ́ iná, bó ṣe máa ń wo gíláàsì kó tó fi lé ènìyàn lójú. Ó dá a padà, ó tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Wáyà, ṣé o gbọ́ pé sípíkà ọ̀tún ti rẹlẹ̀?"

Mi ò gbọ́ sípíkà kankan. "O" yẹn ni mo gbọ́, àti fayólínì.